Ẹni Tí A Gbé Wálé Láti Orí Afárá

Bí ẹ bá dé abúlé wa, Mhlabeni, tí ẹ ń wá MaDlomo, ẹ má wulẹ̀ béèrè ilé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn dúró, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni yóò mú yín débẹ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń dáná, ègbo àti ẹ̀wà fún ọ̀ọ́dúnrún ọmọ lójoojúmọ́, nínú ìkòkò irin tó ga dé ìgbáròkó rẹ̀. Ọmọ tó bá da oúnjẹ nù níwájú rẹ̀ yóò gbọ́ nípa ìran rẹ̀ láti orí baba ńlá rẹ̀ wá. Ọ̀gá ilé ìwé gan-an, bó bá fẹ́ bu ẹ̀kún ṣíbí kejì, á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ ná. Nosakhele ni orúkọ tí ilé ọkọ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò la ẹnu pe àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ lórúkọ? Orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ ni gbogbo wa fi ń pè é, MaDlomo, èmi náà ò sì ní dán òmíràn wò.

Ọmọ mẹ́ta ló bí. Méjì kú ní kékeré. Ẹ̀kẹta, Mzoxolo, dàgbà, ó ga, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ó sì gba oko àjàrà lọ lọ́nà Cape Town bí gbogbo ọ̀dọ́ ibí ṣe ń ṣe, nítorí kò sí iṣẹ́ nílé ju kí èèyàn máa wo màlúù ẹlòmíràn. Ọdún kẹrin tó débẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ oko daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n kó ara wọn lọ sórí afárá, tí wọ́n ń kọrin. Ọlọ́pàá dé. Wọ́n yìnbọn. Èèyàn márùn-ún kú, Mzoxolo sì wà nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.

Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. MaDlomo ló sin ọmọ tirẹ̀, ẹ̀yìn ilé ló sin ín sí, ó sì rò pé òun náà yóò bá a lọ. Ohun kan ṣoṣo ló gbé e dìde: ó mọ̀ pé òun mú ọmọ náà wálé bó ṣe yẹ.

Nítorí pé ní ilẹ̀ wa, òkú ẹni tó kú sí ìdálẹ̀ nìkan kọ́ ni à ń gbé wálé. Ẹ̀mí rẹ̀ ṣì wà ní ojú ibi tó ti ṣubú, ó ń retí ẹni tí yóò wá mú un. Ẹnì kan nínú ẹbí yóò mú ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún tí à ń pè ní umphafa lọ síbẹ̀, yóò fi kan ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an, yóò pè é lórúkọ, yóò ní, “Ó tó, dìde, à ń lọ sílé.” Láti ìṣẹ́jú yẹn títí dé ilé, ẹni tó mú ẹ̀ka dání kò gbọdọ̀ bá alààyè kankan sọ̀rọ̀. Ẹ̀ka yẹn nìkan ni yóò máa bá sọ̀rọ̀, yóò máa sọ ibi tí wọ́n dé fún un, kí ẹni tó wà lórí ẹ̀ka má baà ṣìnà.

Tata Bonakele (Tata ni à ń pe bàbá), àbúrò ọkọ MaDlomo, ló mú ẹ̀ka lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Ọlọ́pàá ti sọ fún wọn pé orí afárá ni Mzoxolo kú sí, wọ́n tilẹ̀ fi àmì ẹ̀fun tí wọ́n fà sílẹ̀ hàn wọ́n. Ibẹ̀ ni Tata Bonakele kúnlẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti pe ọmọ. Nígbà tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n ra ìjókòó fún ẹ̀ka náà lọ́tọ̀, ìyẹn sì dá ìjà sílẹ̀.

“Màmá, ẹ gbé igi yẹn sílẹ̀ kí èèyàn jókòó,” ni awakọ̀ wí.

“Èèyàn ló jókòó síbẹ̀,” ni MaDlomo dá a lóhùn. “Ṣé o fẹ́ rí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni? Àbí o fẹ́ kí n sọ fún un pé o ní kó dìde?”

Awakọ̀ náà kò tún bojú wẹ̀yìn mọ́ títí wọ́n fi dé ìlú Komani. Tata Bonakele, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ń rọra sọ fún ẹ̀ka pé, “Mzoxolo, òkè nìyí o. Mzoxolo, a ti ń sọdá odò.” Wọ́n gbé e délé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibojì, wọ́n bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sí ẹ̀yìn ilé fún un, ó sì parí.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Bí ìjàǹbá bá pa ọmọ ẹnikẹ́ni lójú títì, MaDlomo ni wọ́n máa ń wá bá. “Kí ẹ rí i dájú pé ojú ibẹ̀ gan-an ni,” ló máa ń kìlọ̀ fún wọn. “Kì í ṣe nítòsí, kì í ṣe ọ̀ọ́kán. Òkú kì í yà bàrá bí alààyè.” Ó máa ń fi èyí yangàn díẹ̀, ẹ má bínú sí i. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ bí ẹran gbọ́dọ̀ ní nǹkan kan tí yóò fi yangàn. Ohun kan ṣoṣo ló ń yà á lẹ́nu: láti ọjọ́ tó ti mú Mzoxolo wálé, kò lá àlá rẹ̀ rí, kó tilẹ̀ ṣe bíi fìrí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, ó ti rí èsì fi sí i. “Ẹni tó sùn dáadáa kì í jí èèyàn,” ló wí.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn elétò tẹlifíṣọ̀n dé. Wọ́n fẹ́ ṣe eré olápá mẹ́rin lórí àwọn ẹbí tí ìbọn ọjọ́ náà kàn. Zintle, ọmọbìnrin kan tó wà lára àwọn tó ń kọ eré náà, wá lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ilé ìdáná MaDlomo. MaDlomo fi ṣòkòtò tó wọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ní bóyá aṣọ ló wọ́n ní Gqeberha, ìlú tó ti wá. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: bí Mzoxolo ṣe ń rìn, orin tó ń kọ tó bá ń wẹ̀, bí wọ́n ṣe mú un wálé lórí ẹ̀ka. Zintle kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń jẹ ègbo.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré náà hàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ndyebo onísọ́ọ̀bù gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sí ojú fèrèsé, gbogbo abúlé gbé àga wá, MaDlomo sì jókòó síwájú bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Nígbà tí obìnrin tó ń ṣe ipò rẹ̀ jáde, ariwo sọ.

“Háà, èmi nìyẹn?” ni MaDlomo pariwo. “Eléyìí tí ọwọ́ rẹ̀ rí bí igbálẹ̀? Kó wá gbé ìkòkò mi kan ṣoṣo kí n wò ó!”

“MaDlomo, wọ́n ti tún yín ṣe ni,” ni Ndyebo fi ṣẹ̀fẹ̀. “Ẹ dúpẹ́.”

“Tún mi ṣe? Baba rẹ ni kí wọ́n tún ṣe!”

Ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ti ẹbí ọlọ́pàá kan. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì, ó ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má gba iṣẹ́ ọmọ òun. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. MaDlomo ló ní kí wọ́n dákẹ́. “Ìyá lòun náà,” ló wí. “Kì í ṣe òun ló yìnbọn.” A yà á sọ́tọ̀ nínú ọkàn wa lọ́jọ́ náà pé obìnrin yìí ju gbogbo wa lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ti orí afárá.

Orin ń lọ. Ọlọ́pàá tò. Lójijì ni ìbọn dún, èèyàn mẹ́rin sì ṣubú. Mẹ́ta nínú wọn, a mọ orúkọ wọn àti abúlé wọn. Ẹ̀kẹrin ni àjèjì kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èdè rẹ̀ lóko, tó ń fi ọwọ́ àti ẹ̀rín bá wọn ṣiṣẹ́, tí kò sẹ́ni tó wá gba òkú rẹ̀ títí ìjọba fi sin ín. Ọmọkùnrin tó ń ṣe Mzoxolo kò ṣubú. Ìbọn bà á lítan, ó dì í mú, ó fò sísàlẹ̀, ó sá wọ inú àjàrà.

MaDlomo rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Àwọn eléré! Wọ́n fẹ́ kó sá ná, kí àyà wa lè já.”

Ṣùgbọ́n eré kò padà sórí afárá. Ọmọ náà wọ́ ara rẹ̀ wọ ilé kékeré kan tí ẹ̀rọ tó ń fa omi soko wà, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó ti ògiri. Wọ́n fi oòrùn hàn lára ògiri náà: ó wà lókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dé ilẹ̀. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀, orin tó máa ń kọ tó bá ń wẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọlọ́pàá méjì. Ọmọ náà gbé ọwọ́ kan sókè, nítorí ó fi ìkejì di itan mú. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e, ọ̀kan lápá, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, wọ́n gba àárín àjàrà padà bí ẹni gbé àpò àlùbọ́sà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí afárá láàárín àwọn yòókù. Ọ̀kan fi ẹ̀fun fa ìlà yí i ká. “Ibí ni gbogbo wọn kú sí,” ló wí, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan jáde sójú tẹlifíṣọ̀n. Ndyebo kà á sókè kó tó mọ ohun tó ń kà: “Apá yìí bá ẹ̀rí tí ìgbìmọ̀ ìwádìí gbọ́ mu.”

Ọmọ ọwọ́ kan ń sunkún, ìyá rẹ̀ kò rántí pé òun ní ọmú. MaDlomo dìde, àga rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn.

“Ndyebo, dá a padà.”

“Màmá, tẹlifíṣọ̀n ni. Kò ṣeé dá padà.”

“Mo ní kí o dá a padà sórí afárá! Orí afárá ló kú sí! Tata, ẹ sọ fún un. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kúnlẹ̀ síbẹ̀?”

Tata Bonakele tẹ orí ba, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ fa ilẹ̀.

Níbẹ̀, níwájú gbogbo wa, MaDlomo fóònù Zintle. Ndyebo ló bá a tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣí i kí gbogbo wa gbọ́, bóyá ó yẹ bẹ́ẹ̀, bóyá kò yẹ.

“Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé ẹ wò ó?”

“Zintle, níbo ni ọmọ mi kú sí?”

Ohùn Zintle yí padà. “Màmá, ṣé wọn ò sọ fún yín ni? Ó wà nínú ìwé ìgbìmọ̀. Àwọn lọ́yà tó ṣojú àwọn ẹbí ní àwọn ti kó o ránṣẹ́ sí yín láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn.”

Òótọ́ ni. Páálí méjì ni wọ́n kó wá, òyìnbó pọ́ńbélé, ó nípọn ju bíríkì lọ. MaDlomo fọwọ́ sí i, ó tì í sábẹ́ ibùsùn. Ta ni kí ó kà á? Tata Bonakele kò ka ohun tó ju Bíbélì lọ. Kí àwọn amòfin tó kàwé tán má lè rán ẹnì kan ṣoṣo wá fi ẹnu sọ fún ìyá ibi tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ sí, inú ń bí mi sí i títí dòní.

“Mo rò pé ẹ mọ̀, Màmá,” Zintle ti ń sunkún. “Ẹ ní ẹ ti mú un wálé. Mo rò pé ilé ẹ̀rọ omi yẹn lẹ ti lọ mú un. Gbogbo nǹkan ni mo bi yín, mi ò bi yín ní ìyẹn.”

“Aago mélòó ló wọ ibẹ̀?”

“Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀.”

“Aago mélòó ni wọ́n rí i?”

“Aago mẹ́ta ọ̀sán.”

MaDlomo dá fóònù padà fún Ndyebo láìdágbére. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò ríran. Ní aago mẹ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ní aago méjìlá ó ń bu oúnjẹ, ó ń bá olùkọ́ kan ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikùn rẹ̀ ju ìwé rẹ̀ lọ, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ní aago méjì ó ń fọ ìkòkò. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń mí ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń kọrin.

“Ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń na ọrùn kí a tó gbọ́. “Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sọ pé ọmọ mi kú. Ṣé ó nù ni? Ṣé ó wà níbẹ̀, tó ń wò wá lọ́ọ̀ọ́kán lórí afárá, tí a ń pè é, tí a kẹ́yìn sí i?”

Ó wá yíjú sí Tata Bonakele, ó bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì ronú dé.

“Tata, ta la gbé wálé?”

Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ẹbí yòókù ti wá mú tiwọn lórí afárá yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ní ẹni tó wá, àjèjì yẹn.

Tata Bonakele jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. “MaDlomo,” ló wí, “nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Láti ọdún yẹn ni mo ti ń lá àlá ọkùnrin kan. Ó máa ń dúró lẹ́nu géètì, ó bọ́ fìlà sọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá mi sọ èdè tí mi ò gbọ́. Mo rò pé Mzoxolo ni, mo rò pé ikú ló yí i lóhùn padà. Ó máa ń ṣe bí ẹni tó ń dúpẹ́.”

Àwọn obìnrin ké. Ndyebo pa tẹlifíṣọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì àwọn àgbà ẹbí péjọ. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ lé àjèjì náà jáde, kí wọ́n tó lọ mú onílé wá. Pé ibi tí wọ́n ti ń bu ọtí fún Mzoxolo kò gba ẹni méjì. MaDlomo fetí sí wọn dé òpin, èyí nìkan tó láti fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é.

“Ẹ jẹ́ kí n lọ mú ọmọ mi ná,” ló dáhùn. “Èmi ni màá sì mú ẹ̀ka dání lọ́tẹ̀ yìí.”

“Ọkùnrin ló máa ń mú un,” ni àgbà kan wí.

“Ọkùnrin ti mú un lẹ́ẹ̀kan.”

“Ìwọ, MaDlomo? Láti Cape Town títí dé ibí, kí o má sọ̀rọ̀?”

Kò bínú. “Ẹ ó gbọ́ bí n kò ṣe ní sọ ọ́,” ló wí.

Wọ́n dé oko àjàrà náà lọ́jọ́ Ẹtì, òun, Tata Bonakele, àti Zintle tó ti wá pàdé wọn lọ́nà pẹ̀lú ojú wíwú. Ọ̀gbẹ́ni Apollis, ọ̀gá òṣìṣẹ́ oko, ló ṣílẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ omi fún wọn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé, MaDlomo sì rí ògiri.

Ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ṣàn láti ibi èjìká ẹni tó jókòó dé ilẹ̀, ó ṣì pupa, ó ń dán. MaDlomo sún mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ògiri náà, igbe tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe igbe tí mo lè kọ sílẹ̀.

“Màmá! Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án!” Apollis sáré dì í mú. “Ti àwọn eléré nìyẹn. Ibí gan-an ni wọ́n ti ya eré yẹn. Ṣúgà ni, pẹ̀lú àró pupa. Wọ́n ní àwọn máa padà wá fọ̀ ọ́, wọn ò wá. Èèrà ti jẹ lára rẹ̀.”

MaDlomo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó lẹ̀, ó sì ń rùn bí súìtì ọmọdé. Ó yíjú sí Zintle, mo sì gbọ́ lẹ́nu Tata Bonakele pé òun rò pé yóò gbá ọmọ náà létí.

“Ibí ni ẹ jẹ́ kó jókòó sí. Ṣé ibí ló jókòó sí?”

Zintle mirí. “Rárá, Màmá. Ìmọ́lẹ̀ kò tó lápá ibi tó wà gan-an. A sún un wá síbí nítorí kámẹ́rà.”

“Nítorí kámẹ́rà.” MaDlomo rún ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, ó gbé e mì. “Ọlọ́pàá sún un nítorí ẹjọ́. Ẹ̀yin sún un nítorí kámẹ́rà. Ọmọ mi kò ha ní ibi tó kú sí ni?”

“Ó ní, Màmá. Ó wà nínú ìwé.”

“Kà á.”

“Màmá, ohun tó wà níbẹ̀...”

“Kà á fún mi ní èdè ìyá mi, má fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.”

Zintle ṣí ìwé, ó sì ń tú u sí èdè wa bó ṣe ń kà á. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ní igun apá òsì. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí ẹnu ọ̀nà. Orí sí ọ̀dọ̀ ògiri. Ọta wọlé ní àyà. Ọwọ́ ọ̀tún wà lókè nígbà tí ọta wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni MaDlomo ṣe kọ́kọ́ gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, lórí ìdúró, nínú ilé tó ń rùn bí epo ẹ̀rọ. Ó ka ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ó wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Igun náà ṣókùnkùn, kò sí àró kankan níbẹ̀, sìmẹ́ńtì lásán. Apollis bọ́ fìlà.

Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀ka kan ilẹ̀.

“Mzoxolo. Mzoxolo ọmọ mi. Èmi ni. Mo pẹ́, mo mọ̀ pé mo pẹ́. Orí afárá ni wọ́n ní o wà. Dìde, ó tó. À ń lọ sílé.”

Láti ìgbà yẹn kò bá alààyè sọ̀rọ̀ mọ́. Tata Bonakele, tí kò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, ló wá di ẹnu fún un. Òun ló ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, òun ló bá awakọ̀ jà lórí ìjókòó, ó sì jà á burúkú, ó kàn ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wa ni, ẹ jọ̀ọ́,” títí gbogbo èrò fi dákẹ́. MaDlomo jókòó ti ẹ̀ka, ó sì ń rò fún un ní ohùn jẹ́jẹ́, láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀: ta ló ti ṣègbéyàwó, màlúù wo ló ti kú, ohun tí òun ń ṣe ní aago mẹ́sàn-án ọjọ́ náà, ní aago méjìlá, ní aago méjì. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ẹ̀rín yẹn jì òun. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wọn, tí kò mọ̀ wọ́n rí, ń nu ojú rẹ̀ títí tó fi sọ̀ kalẹ̀.

A ń dúró lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n dé. Ẹnikẹ́ni kò kí wọn. Bó ṣe yẹ nìyẹn. Ó ti rù láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn àgbà ti bu ọtí kan sí ìta ọgbà, láti fi bẹ àjèjì náà pé kó jáde. Tata Bonakele sún mọ́ ọn.

“MaDlomo, wọ́n ń dúró dè wá. Ṣé kí n pe ẹni tó wà nínú ilé jáde, kí ẹ tó wọlé? Fi orí dá mi lóhùn.”

Kò fi orí dá a lóhùn. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó gbé ẹ̀ka náà sún mọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sókè lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wa sì gbọ́ ọ.

“Mzoxolo, a ti délé. Ẹnì kan wà nínú ilé. Kò jí ipò rẹ, àwa la pè é ní orúkọ rẹ, òun náà kò sì ní ẹlòmíràn tó ń pè é, ló bá tẹ̀lé wa. Ó ní ìyá níbì kan. Títí di òní, ìyá yẹn kò mọ̀ bóyá ó kú. Sún fún un lórí ẹní. Tí ẹ bá ti mọ ara yín tán, bá mi béèrè orúkọ rẹ̀, kí o sì béèrè abúlé rẹ̀, kí o wá sọ fún mi lójú àlá, kí n lè ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.”